Kí Wèrè Tó Wọ Ọjà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà wa máa ń sọ, tí ó sì ti di ìdájọ́ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ènìyàn. Wọ́n ní wèrè tí ó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́. Ẹni tí ó bá dúró ní oríta Òrè ní ọ̀sán gangan, níbi tí èrò Èkó, èrò Benin, èrò Oǹdó àti èrò Òkìtìpupa gbé ń pàdé, yóò rí àwọn tí ìdájọ́ yìí ti já lé lórí. Wọ́n wà lẹ́bàá títì, wọ́n wà lẹ́yìn àtíbàbà àwọn olóúnjẹ, wọ́n ń ṣa ohun tí àwọn èrò ọkọ̀ jù sílẹ̀ jẹ. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè orúkọ. Ọmọdé ń sọ wọ́n lókò, àgbà ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kan náà ni ó sọ pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ.

Àwa kò kọ̀wé lónìí láti fi àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ìran wò. A kọ̀wé nítorí ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tíì dé ọjà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ti inú ilé kan wá, tí kò ní ìyá, tí kò ti jókòó rí nínú kíláàsì kan tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan nígbà tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ wọlé. Láti ilé yẹn dé ọjà, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́ta. Àkókò yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń rí àwọn ọmọ lójoojúmọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń mọ ẹni tí yóò jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó.

Àwọn oníṣègùn sọ fún wa pé àìsàn yìí kì í sábà dúró de ọjọ́ ogbó. Láàárín ọmọ ọdún 15 sí 30 ni ó máa ń kọ́kọ́ yọjú jù lọ, ní àkókò náà gan-an tí akẹ́kọ̀ọ́ ń múra ìdánwò, tí ọmọṣẹ́ ń ka ọjọ́ tí yóò gba òmìnira, tí ọmọge sì ń wo ẹni tí yóò fẹ́. Kì í fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó ti ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí tẹjú mọ́ ògiri. Kò ní lè sùn lóru mọ́. Yóò máa fura sí àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan. Yóò máa dáhùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pè é. Ìwẹ̀ yóò di ìjà, oúnjẹ ìyá rẹ̀ yóò di ohun tí ó gbà pé májèlé wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ sọ pé oríkunkun ni ó ń ṣe. Bí oríkunkun kò bá tó ṣe àlàyé mọ́, wọn yóò ní igbó ni ó mu.

Ní ẹkùn tiwa yìí, ọ̀rọ̀ igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, nítorí kò sí ẹni tí kò gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA ti ń wọ inú ẹgàn ìpínlẹ̀ Oǹdó láti run oko rẹ̀. Òótọ́ ni pé igbó mímu lè ru àìsàn yìí sókè lára ẹni tí ó bá ti wà nínú rẹ̀, àgàgà ọmọdé tí ó tètè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó mú tí kò fi ẹnu kan igbó rí. Ẹni tí ó sì mu ún pàápàá ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn ní ọ̀nà Òrè, a kì í bi í pé kí ni ó wá ṣe lójú títì kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìfàsẹ́yìn ni ọ̀tá tí ó tóbi jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní ọdún 2015 lórí àwọn ènìyàn 404 tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ní ilé ìtọ́jú 34 káàkiri ìpínlẹ̀ 21. Wọ́n rí i pé ìdajì wọn ti lo ọ̀sẹ̀ 74 ó kéré tán nínú àìsàn náà kí ìtọ́jú tó yẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ní orílẹ̀-èdè tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní ìtọ́jú tí oníṣègùn, agbaninímọ̀ràn, àwọn ará ilé àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú aláìsàn padà sí ibi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ jọ parapọ̀ ṣe. Ara àwọn yìí yá ju ti àwọn tí a tọ́jú bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí àìsàn náà kò tíì pẹ́ lára wọn ni wọ́n sì jẹ èrè rẹ̀ jù. Nítorí náà, apá kan ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jẹ́ òótọ́: kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Apá kejì, tí ó ní ẹni tí ó ti dé ọjà ti parí, àwa kò gbà á, àwọn oníṣègùn náà kò sì gbà á. Ìwòsàn rẹ̀ yóò ṣòro sí i, yóò sì pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí ìlẹ̀kùn náà tì pa.

Kí ni ó ń fa ìfàsẹ́yìn ní ọ̀dọ̀ tiwa? Ìtìjú ni. Ìyá kò fẹ́ kí àdúgbò gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ̀ láti fẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù. Ọ̀nà jíjìn náà wà níbẹ̀: ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ wa wà ní Àkúrẹ́, owó ọkọ̀ ẹni méjì láti Àjùé tàbí Agbábù lọ síbẹ̀ kì í sì í ṣe owó kékeré fún ẹni tí ń dín gàrí tà. Nítorí náà, wọn a kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wà nítòsí, ìbáà ṣe alágbo tàbí wòlíì. Àwa kì í ṣe ara àwọn tí ń fi àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣẹ̀sín. Ní ọdún 2020, àwọn oníwádìí láti Ìbàdàn àti Kumasi fi hàn nínú ìwé ìròyìn Lancet pé bí àwọn onísègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà bá bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn tí wọ́n ń tọ́jú a máa yá ju ti àwọn tí a fi sílẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ènìyàn 307 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Ohun tí a kórìíra ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch kọ ìròyìn nípa àwọn tí wọ́n bá nínú ẹ̀wọ̀n irin ní oríṣìíríṣìí ilé ìtọ́jú ní Nàìjíríà, àti ti ìjọba àti ti ẹ̀sìn àti ti ìbílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó gba ipò òfin àwọn wèrè tí a jogún láti ọwọ́ àwọn òyìnbó amúnisìn. Òfin ti wà. Ẹni tí yóò mú un dé Odígbó ni a ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a gbà, fún ìjíròrò, pé gbogbo èyí ti dára. Wọ́n tètè mú ọmọkùnrin kan lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, ohùn tí ń bú u nínú etí rẹ̀ ti dákẹ́, ó ti ń sùn. Wọ́n gbé e padà wá sí Òrè. Ìdílé dúpẹ́, wọ́n pa adìẹ. Lẹ́yìn náà ńkọ́?

Lẹ́yìn náà, ọmọ náà jókòó sẹ́yìn ilé. Ìbẹ̀rẹ̀ ìpọ́njú kejì nìyí, àwọn ènìyàn kì í sì í kà á sí àìsàn rárá. Kò ṣe wèrè mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan. Ó jí ní agogo mọ́kànlá. Bí a kò bá rán an, kì í wẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ nítorí oògùn. Bí a bá rán an ní nǹkan mẹ́ta ní ọjà, ọ̀kan ni yóò rántí. Bàbá rẹ̀ ń pariwo pé ọ̀lẹ ni. Ìrònú ọ̀gá rẹ̀ ni pé kí wọ́n má dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù òun, nítorí àwọn oníbàárà yóò sá. Ní ọjọ́ kan ó dáwọ́ oògùn dúró, nítorí kò rí ohun tí oògùn náà ń tọ́jú òun fún. Nígbà tí ó bá fi tún dé Àkúrẹ́ ní ìgbà kẹta, ìyá rẹ̀ ti ta ilẹ̀. Ọ̀nà ọjà ti là sílẹ̀ fún un.

Nítorí irú ọmọ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ṣe wà tí a ń pè lédè òyìnbó ní occupational therapist. Àwa yóò pè wọ́n ní olùfiṣẹ́wòsàn títí ẹni tí ó mọ̀ jù wá lọ yóò fi fún wọn ní orúkọ tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ kì í ṣe iṣẹ́ owó nìkan. Gbogbo ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ àti ọkàn rẹ̀ ṣe láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni wọ́n kà sí iṣẹ́: jíjí, wíwẹ̀, dídáná, kíkà, kíkó owó jọ, kíkí ènìyàn ní ọ̀nà. Olùfiṣẹ́wòsàn yóò jókòó ti ọmọ náà, yóò bi í pé kí ni ó ti ń ṣe kí àìsàn tó dé, kí ni ó fẹ́ tún ṣe. Yóò wo ohun tí ó lè ṣe nísinsìnyí àti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń kọ̀. Yóò wá gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, yóò mú èyí tí ó rọrùn jù, yóò sì bá a ṣe é títí yóò fi di tirẹ̀, kí ó tó gbé èkejì lé e lọ́wọ́. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kò lè ka èyí kí a má rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ohun tí wọ́n fi lù wá létí nìyẹn: láti inú ohun tí ọmọ mọ̀ ni kí o ti mú un lọ sí ohun tí kò mọ̀.

Ẹ wò ó bí yóò ti rí ní Òrè. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọṣẹ́ télọ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkọ́ agbádá. Wákàtí kan lóòjọ́ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, ní òwúrọ̀ tí ariwo kò tíì pọ̀, bọ́tìnnì ni yóò sì máa rán. Olùfiṣẹ́wòsàn yóò ti lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, yóò ti ṣàlàyé fún un pé ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ yìí kò ní fi sísọ́ọ̀sì gún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé ní ilé ìlagi ni ó ti ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ìlú wa ti ń ṣe, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Oògùn tí ń mú oorun wá àti ayùn ẹ̀rọ kò ṣe é so pọ̀. Ó lè jẹ́ pé kíka pákó àti kíkọ iye rẹ̀ sínú ìwé ni yóò máa ṣe fún oṣù mélòó kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé ọ̀kadà lé e lọ́wọ́ kí oníṣègùn tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin tí ó ń bá ìyá rẹ̀ dín gàrí, a mọ̀ pé iṣẹ́ gàrí ní ìpele púpọ̀. Ẹni tí kò tíì lè dúró ti agbada gbígbóná lè bó ẹ̀gẹ́, ó lè kù ú, ó sì lè bá àwọn obìnrin yòókù sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń bó o. Ọ̀rọ̀ sísọ náà pàápàá jẹ́ ìtọ́jú. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ilé ẹ̀kọ́ ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó padà sí kíláàsì fún ẹ̀kọ́ méjì lóòjọ́, kí ó jókòó níwájú, kí a fún un ní àkókò díẹ̀ sí i nígbà ìdánwò. Kí ni ó ṣòro nínú èyí fún ọ̀gá àgbà tí ó ní àánú?

Àwa fẹ́ kí a má ṣi wá gbọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń fi aláìsàn ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń rán an lọ sí oko wọn láti àárọ̀ dé alẹ́ láìsan kọ́bọ̀, tí wọ́n sì ní ìtọ́jú ni. Irọ́ ni. Iṣẹ́ tí aláìsàn kò yàn, tí kò ní òpin, tí èrè rẹ̀ ń bọ́ sí àpò ẹlòmíràn, ẹrú ni a fi í ṣe. Èrò kejì tí ó gbòde tún wà, pé bí a bá ti lè kọ́ gbogbo wọn ní agbọ̀n híhun tàbí ẹní híhun, ó parí. Iṣẹ́ rere ni agbọ̀n híhun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ń kọ́ bí a ti ń tún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé agbọ̀n ni òun fẹ́ hun.

Ohun tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọjà òkèèrè. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ti ṣe é ní Aró ní ọdún 1954. Kí wọ́n tó parí kíkọ́ ilé ìwòsàn náà, ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí i ká sọ̀rọ̀, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé wọn, mọ̀lẹ́bí aláìsàn a sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà wọn a padà sí abúlé, wọn a bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé bí ọmọ ènìyàn. Dókítà Lambo kò tijú láti pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ní àkókò tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lajú jù wá lọ ṣì ń ti àwọn aláìsàn mọ́ ẹ̀yìn ògiri gíga, àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ń wá sí Abẹ́òkúta láti wo bí a ti ń ṣe é. Ní ọdún 1961, ibẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti pàdé láti gbogbo Áfíríkà.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń tọpa àìsàn tí ó le jù nínú irú wọ̀nyí ní ìlú mẹ́sàn-án káàkiri ayé ní ìparí àwọn ọdún 1960, Ìbàdàn wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni London, Washington àti Moscow. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti ti Agra ní ilẹ̀ Íńdíà ni ara wọn yá jù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, àwa kò sì ní dá ẹjọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ẹbí kò jẹ́ kí aláìsàn dá wà, àti pé oko tàbí ìsọ̀ wà níbẹ̀ tí ó lè padà sí láìsí ìwé ẹ̀rí àti láìsí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Àmọ́ a kò gbọdọ̀ fi ògo àná sùn. Òrè òní kì í ṣe abúlé Aró ti ọdún 1954. Ìlú oríta ni, ìlú àwọn tí wọ́n ti ibòmíràn wá jẹun: Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, ará Oǹdó, Ẹ̀bìrà, Ìgbò, Urhobo, Haúsá. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ tí ń gbé ní Òrè kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá kan níbẹ̀ àfi ọ̀gá rẹ̀. Bí àìsàn bá dé, ta ni yóò bá a lọ sí abúlé? Ohun tí mọ̀lẹ́bí ń ṣe láìgba owó nígbà náà, a ní láti wá òṣìṣẹ́ tí a ń sanwó fún láti darí rẹ̀ nísinsìnyí.

Àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ yìí kò pọ̀ ní Nàìjíríà. A ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, a ń kọ́ wọn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa. Àwọn tí wọ́n sì jáde ń wo òkè òkun, nítorí níbẹ̀ a mọ iyì wọn. Ní England, ilé iṣẹ́ ìlera wọn ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, olùfiṣẹ́wòsàn a sì máa wà nínú wọn. Bí ọmọ wa kan bá lè fi òye rẹ̀ mú ọmọ òyìnbó padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní Birmingham, kò yẹ kí ó jẹ́ pé àìrí ibi jókòó ni kò jẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Odígbó.

Nítorí náà, a bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó pé kí ó gba olùfiṣẹ́wòsàn kan, ẹyọ kan péré, kí ó fi í sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òrè, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tí ó mọ àìsàn ọpọlọ, kí dókítà láti Àkúrẹ́ sì máa bẹ̀ wọ́n wò ní oṣooṣù. Kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Yàrá kan, tábìlì kan, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ìkòkò ìdáná àti alùpùpù kan tí yóò fi máa dé Araròmi-Obù àti Oníparagà tó láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí yóò sọ pé kò sí owó, kí wọ́n lọ ka iye tí a ń ná lórí ọkọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó tún dá wa lóhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ tí ẹ mọ̀ dáadáa bá yí padà lójijì, tí kò sùn, tí ń fura, tí ń sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́, ẹ má fi pàṣán bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe àwọn òbí rẹ̀ sí ìkọ̀kọ̀, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì darí wọn sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí ó bá sì padà dé, ẹ jẹ́ kí àyè ìjókòó rẹ̀ ṣì wà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìgbà ìbò kì í pẹ́ dé. Àwọn olùdíje yóò tún wá sí gbàgede Òrè pẹ̀lú ìlù àti ìrẹsì. Kí ẹnì kan nínú yín gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ wọn kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà wo ni òṣìṣẹ́ náà yóò dé, yàrá wo ni ẹ ó sì fún un? Àwa yóò tẹ ìdáhùn tí olùdíje kọ̀ọ̀kan bá fún yín jáde nínú ìwé ìròyìn yìí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.